Àárò Ilé ní Fréjus

Fréjus jẹ́ ìlú kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, létí òkun Mẹditaréníà, níbi tí oòrùn ti máa ń ràn nígbà tí yìnyín bá bo ìhà àríwá. Nítorí oòrùn yìí ni àwọn ọ̀gá ogun Faransé fi yàn án. Láti ọdún 1915 ni wọ́n ti ń pàgọ́ sí i, àti sí Saint-Raphaël tí ó wà nítòsí rẹ̀, fún àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ wa. Bí òtútù bá ti ń dé sí ojú ogun, wọn a kó wọn kúrò nínú yàrà, wọn a fi ọkọ̀ ojú irin gbé wọn wá sí ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, ní nǹkan bí oṣù kẹrin, wọn a tún kó wọn padà síbi tí ìbọn ti ń dún. Hivernage ni orúkọ tí wọ́n fún ètò náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ Faransé dáadáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹran ọ̀sìn tí a kó wọlé nígbà òtútù, àti fún ọkọ̀ ojú omi tí a so mọ́ èbúté títí ojú ọjọ́ yóò fi dára.

Àgọ́ wà fún àwọn tí ara wọn le. Fún àwọn yòókù, ilé ìwòsàn ni, ní Fréjus fúnra rẹ̀ àti ní Menton, níbi tí wọ́n ti sọ àwọn ilé ìtura ńláńlá di ilé ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Pọ́bẹ̀ tàbí ọmọ Àjàṣẹ́, tí ọgbẹ́ rẹ̀ ń jinná díẹ̀díẹ̀, tí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa wo àjà ilé lọ. Bí wọ́n ṣe jà, àwọn ìwé ìtàn ti sọ díẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀, tí wọ́n ń ro ilé, ni a kì í sábà sọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ilẹ̀ rẹ̀. Tirailleur sénégalais ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ní Senegal ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ogun náà sílẹ̀ ní ọdún 1857, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹni tí ó wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ìbáà ṣe láti Guinée, láti Côte d'Ivoire tàbí láti Dahomey. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìtàn kì í yé béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọn ará Senegal nìkan ni ó ja ogun náà. Ìbéèrè wọn tọ́, nítorí ohun tí ìwé wọn sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1912 ni òfin kan ti fún ìjọba láṣẹ láti fi agbára mú ọ̀dọ́mọkùnrin wọṣẹ́ ogun ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé, nígbà tí ogun sì dé, ó lé ní 150,000 ènìyàn tí wọ́n kó. Nǹkan bí 30,000 nínú wọn ni kò padà. Dahomey san ìpín tirẹ̀ nínú gbèsè yìí, àwọn tí Faransé ń pè ní Nago sì wà nínú ìpín náà.

Ọ̀rọ̀ Kétu ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Ní ọdún 1886, ogun Dànhọ̀mẹ̀ wó Kétu palẹ̀, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn tí kò kú lọ sí Agbómẹ̀ ní ẹrú. Ìlú náà di ahoro. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dànhọ̀mẹ̀ ni àwọn ẹrú wọ̀nyí rí ọ̀nà, ní nǹkan bí ọdún 1893 sí 1894, wọ́n padà wálé, wọ́n ro igbó tí ó ti bo ojúde baba wọn, Alákétu Onyegen sì gorí ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21 ní 1916, ọdún 1895 ni wọ́n bí i. Àwọn ọmọ tí a kọ́kọ́ bí sínú Kétu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́ ni ọjọ́ orí wọn wá bá ogun náà mu.

Inú ilé wo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti dàgbà? Inú ilé tí ìyá àti bàbá ti lo nǹkan bí ọdún méje sí mẹ́jọ ní Agbómẹ̀, tí wọ́n ń ro ilé tí iná ti jó. Àárò ilé kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lórí ibùsùn Faransé. Ó bá a nílé ni, nínú ìtàn alẹ́, nínú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, bóyá nínú ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ fi ń fọwọ́ pa ògiri ilé tuntun. Ohun tí ó wá korò níbẹ̀ ni pé ọwọ́ kan náà tí ó ṣílẹ̀kùn fún bàbá láti padà wálé ni ó wá mú ọmọ jáde. Ṣábẹ̀ẹ́ náà ti jẹ nínú ìyà ogun Dànhọ̀mẹ̀. A lè sọ pé kò sí ìlú Yorùbá kan ní ìhà ibí tí kò tíì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí a kó ọmọ ẹni lọ kí ogun Jámánì tó dé.

Bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ náà kò fara sin. Wọ́n a ránṣẹ́ sí ọba tàbí olórí ìlú pé iye ọmọkùnrin báyìí ni a ń fẹ́, kí ó wá wọn rí. Ẹni tí kò lágbára, tí kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀, ni wọ́n sábà ń fi lélẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò dúró de ìránṣẹ́ náà. Wọ́n di ẹrù lóru, wọ́n gba ọ̀nà ìlà-oòrùn kọjá sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sí àárín àwọn ìbátan wọn ní ìhà Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọn kì í ti fi agbára mú ènìyàn sójà. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí ní tiwọn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì gbé ohun ìjà sí Faransé nínú irà wọn. Ní Togo, ogun náà ti kọ́kọ́ dé bá àwọn ènìyàn wa ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn: ẹ̀bá Àtàkpàmẹ́ ni Kamina wà, níbi tí àwọn ará Jámánì kọ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ńlá wọn sí, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914 kí wọ́n tó túúbá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ibùsùn. Kí ni ó gbé wọn débẹ̀? Ọta ìbọn ni fún àwọn kan, àfọ́kù àgbá ni fún àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n òtútù pa wọ́n lára bí ìbọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1917, nígbà tí wọ́n rán wọn gòkè ní Chemin des Dames, òjò oníyìnyín ń rọ̀, ọwọ́ wọn sì kú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn kò fi lè de ọ̀bẹ mọ́ ẹnu ìbọn. Omi yàrà ń jẹ ẹsẹ̀ títí ìka yóò fi dúdú, tí oníṣègùn yóò sì gé e. Òtútù àyà àti ikọ́ ife kò mọ̀ pé ẹnì kan jẹ́ akíkanjú. Ọmọ Kétu mọ yàrà dáadáa tẹ́lẹ̀, nítorí yàrà ni ó yí ìlú rẹ̀ ká, Àkàbà Ìdènà sì ni ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọlé. Àmọ́ ilé ni ó wà lẹ́yìn yàrà Kétu. Lẹ́yìn yàrà ti Faransé, yàrà mìíràn ni.

Mo gbàgbọ́ pé ojú ogun kì í fún ènìyàn láyè àárò púpọ̀. Ẹni tí ó ń sá fún ikú kò rọ́nà ro ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ àti ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ibùsùn ni ó ń fúnni láyè. Ìgbà tí ìrora bá dín kù, tí ibà bá lọ, tí wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ ọgbẹ́, tí alẹ́ sì gùn, nígbà náà ni ilé máa ń wọlé tọ aláìsàn wá. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ni àwọn àgbà wa wí. Àjò tiwọn kò tilẹ̀ dùn rárá.

Kí ni ilé tí ó ń wọlé tọ̀ ọ́ wá yìí? Ní tèmi, kí a tó dárúkọ oúnjẹ tàbí ìyàwó, ohùn ni. Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe máa ń mọ́ fún ènìyàn nínú agbo ilé: kíkí ni. A ń kí ẹni tí ó jí, a ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, a ń kí ẹni tí ó jókòó lásán. Aláìsàn ní kíkí tirẹ̀, ẹni tí ewu fò ní kíkí tirẹ̀, ìyá a sì máa fi oríkì jí ọmọ. Nínú ilé ìwòsàn Fréjus, ọmọ Bambara lè wà ní ọ̀tún rẹ̀, kí ọmọ Mossi wà ní òsì, kí oníṣègùn sì dúró níwájú, kí wọ́n máa fi ọwọ́ àti orí bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ní oríire yóò rí ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ ní ibùsùn kẹta. Bí ẹni náà bá sàn kí òun tó sàn, tí wọ́n bá mú un padà sí ojú ogun, ìlú kan pátá ni ó jáde lọ nínú yàrá náà.

Ìjọba ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èdè. Ní ọdún 1916, wọ́n tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Paris, Le français tel que le parlent nos tirailleurs sénégalais. Ìwé náà ń kọ́ àwọn ọ̀gá ogun ní Faransé tí wọn yóò máa bá ọmọ ogun dúdú sọ: ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tí kì í yí padà, gbólóhùn tí a gé kúrú, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Èmi tí ó jẹ́ pé Faransé ni mo fi ń jẹun, mo ka àpẹẹrẹ díẹ̀ níbẹ̀, ojú sì tì mí fún àwọn tí ó kọ ọ́. Ohun tí yóò dun Yorùbá jù nínú ọ̀rọ̀ náà lè máà jẹ́ ti gírámà. “Tu” ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, kò sí “vous” fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì nílé rẹ̀, tí àwọn àbúrò ń dọ̀bálẹ̀ kí, di ìwọ fún ọmọdé tí ó ń gbé omi káàkiri.

Obìnrin kan wà ní Fréjus tí ó rí i pé èyí kò dára. Ayàwòrán ni, Lucie Cousturier ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàgọ́ sí ẹ̀bá ilé rẹ̀, ẹ̀rù ba gbogbo àdúgbò. Nígbà tí ó yá, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ogun náà ní Faransé tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ, nítorí àwọn náà ti mọ̀ pé Faransé ti inú àgọ́ jẹ́ ohun tí a fi ń rín wọn. Ìwé tí ó kọ nípa wọn, Des inconnus chez moi, jáde ní ọdún 1920. Àkọlé náà dùn mọ́ mi: àwọn àjèjì nínú ilé mi. Yorùbá yóò kàn sọ pé àlejò ni wọ́n, a sì mọ ohun tí a jẹ àlejò ní gbèsè.

Àwọn ará Yúróòpù kò ṣàì mọ àìsàn yìí fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ náà nostalgie, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Johannes Hofer ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1688, fún àìsàn tí ó ń ṣe àwọn ọmọ Switzerland tí wọ́n wà ní ìdálẹ̀, tí wọ́n ń rù, tí wọ́n sì ń kú nítorí òkè ìlú wọn. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn oníṣègùn ogun Faransé fi kà á mọ́ àrùn gidi, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1914, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nínú ìwé oògùn, ó ti di ti àwọn akéwì. Ọmọ ogun Faransé ní tirẹ̀ a máa sọ pé cafard mú òun, bí ẹni pé aáyán kan wọ inú orí rẹ̀. Èdè wa kò pè é ní àrùn, kò sì pè é ní kòkòrò. Àárò sọ mí ni a ń wí. Àárò ni ó ṣe iṣẹ́ náà, ẹni tí ó sọ kàn gbà á bẹ́ẹ̀.

Àwọn aláṣẹ gbìyànjú díẹ̀ láti tù wọ́n nínú. Wọ́n wá ìrẹsì fún wọn, wọ́n wá obì. Bóyá ẹni tí ó ń pín obì náà mọ ohun tí ó mú lọ́wọ́, n kò lè sọ. Fún tiwa, a kì í dá obì jẹ bí oúnjẹ lásán. A ń pa á ni, a ń fún ẹlòmíràn, a ń fi súre. Ẹni tí wọ́n bá fún ní obì lórí ibùsùn, tí kò rí ẹni tí yóò bá a pa á, èwo ni ó rí gbà níbẹ̀?

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù wá lẹ́yìn ogun náà, nígbà tí Fréjus ṣì jẹ́ ibùdó àwọn ọmọ ogun wa. Láàárín ọdún 1928 sí 1930, wọ́n kọ́ ilé kan síbẹ̀ tí ó ṣì wà títí di òní, tí wọ́n ń pè ní Missiri. Wọ́n fi mọ́ṣáláṣí Djenné ní Mali ṣe àwòkọ rẹ̀, wọ́n kùn ún ní pupa bí amọ̀. Sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ àwọn òkìtì kan láti fi jọ ọ̀gán, ilé ikán, kí ojú àwọn ọmọ ogun lè rí ohun tí ó jọ ilé. Ọ̀gán láìsí ikán nínú! Àwọn mìíràn a máa fi èyí ṣe ẹ̀sín. Èmi kò lè fi ṣe é, nítorí ẹni tí ó dá a lábàá ti lóye pé ohun tí ó ń sọ ènìyàn lè máà jẹ́ ààfin tàbí ọjà ńlá, ó lè jẹ́ òkìtì erùpẹ̀ lásán ní ẹ̀bá ọ̀nà oko, tí kò sí ẹni tí ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ó wà nílé.

Lẹ́tà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ránṣẹ́ sílé ní láti wá akọ̀wé tí yóò kọ ọ́ ní Faransé, àwọn ọ̀gá sì ń ka lẹ́tà kí ó tó lọ. Bí ó bá gúnlẹ̀ sí Kútọnù, tí ó bá ọkọ̀ ojú irin dé Ṣábẹ̀ẹ́, a tún ní láti rí ẹni tí yóò yí i padà sí èdè ìyá rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tí ó ti gba ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá, kí ni ó kù nínú rẹ̀ ju “mo wà láàyè” lọ? Ní ti àwọn tí ìdílé wọn ti sá kọjá ààlà, lẹ́tà náà lè dé ojúde tí kò sí ènìyàn. Mo máa ń ronú sí èyí: ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ ní Fréjus, ó ń fi ọkàn rìn láti Àkàbà Ìdènà dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀, ó ń ka igi kọ̀ọ̀kan, nígbà tí bàbá náà ti ń ro oko tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí kí wọ́n má baà mú ọmọ kejì.

Ẹnì kan wà nínú àwọn tirailleurs tí ó kọ ìwé nípa ara rẹ̀. Bakary Diallo, darandaran Fúlàní ní Senegal, ni ìbọn bà ní àgbọ̀n ní ọdún 1914, ó sì pẹ́ gan-an lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn. Ìwé rẹ̀, Force-Bonté, jáde ní ọdún 1926. Ìyìn tí ó kó lé Faransé lórí nínú ìwé náà ti mú ọ̀pọ̀ òǹkàwé bínú láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Diallo padà sílé, tí ó wá kọ ewì ní èdè ìyá rẹ̀, orúkọ ìlú tí wọ́n bí i sí, M'Bala, ni ó fi ṣe àkọlé. Ó jọ pé ohun tí ènìyàn ń sọ ní èdè àjèjì fún ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀, àti ohun tí ó ń sọ ní èdè ilé rẹ̀, kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan.

Nílẹ̀ wa, bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀, tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọn a gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a gbé e wá sin sílé, kí a lè sọ pé ó dé. Ìbẹ̀rù pé òun kò ní dé ni ó wà lábẹ́ àárò àwọn tí ó ń kú lọ lórí ibùsùn wọ̀nyẹn. Àwọn kan nínú wọn wà ní ìtẹ́ Trabuquet ní Menton, lórí òkè tí ó kọjú sí òkun. Ohun tí ó dé ilé dípò irun àti èékánná ni ìwé, bí ìwé bá dé.

Ìwé náà ṣì wà, ẹnikẹ́ni sì lè rí i lónìí. Ilé iṣẹ́ ológun Faransé ti gbé káàdì àwọn tí ó kú nínú ogun náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojú ewé tí wọ́n ń pè ní Mémoire des hommes. Lórí káàdì kọ̀ọ̀kan ni ẹ óò ti rí orúkọ, ẹgbẹ́ ogun, ọjọ́ ikú, ibi ikú, àti ohun tí ó fà á. Níbi ohun tí ó fà á, ẹ óò rí i pé fún ọ̀pọ̀ àwọn tiwa, maladie ni wọ́n kọ. Ìlà tí ó wà fún ibi ìbí ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Nígbà mìíràn, Dahomey nìkan ni ó wà níbẹ̀, ọdún ìbí sì jẹ́ èyí tí akọ̀wé fojú díwọ̀n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ wá ẹni yín, ẹ má ṣe kọ orúkọ náà bí ẹ ti ń kọ ọ́ lónìí. Akọ̀wé ogun kò gbọ́ ohùn wa, kò ní àmì, etí Faransé ni ó fi gbọ́ ọ, orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo ni ó sì máa ń gé sí méjì kí ó lè rí nom àti prénom. “Ou” ni yóò fi kọ u wa, “ch” ni ó lè fi kọ ṣ wa. Ẹni tí ó bá ń wá Ògúndélé, kí ó wá Ogoundélé, kí ó wá Ogoun tí Délé tẹ̀ lé, kí ó sì tún wá Délé nìkan. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó dàgbà jù nínú agbo ilé, orúkọ wo gan-an ni ìyá rẹ̀ ń fi í pè.